Ẹ̀sùn Lórí Fépù Mi Tí Wọ́n Ní Ó "n jo"

Ṣọ́ọ̀bù Onípátákó,
Ẹ̀gbẹ́ Ilé Ìfọṣọ,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Ìwé.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Ọ̀gá Àgbà,
Àjọ Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Oníbàárà,
Yàrá Ìsàlẹ̀, Ilé Ìjọba Ìbílẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ATÚNFÓÒNÙṢE TÍ WỌ́N Ń PÈ NÍ DÓKÍTÀ BÁTÌRÌ, ẸNI TÍ MO FURA SÍ PÉ Ó Ń MỌ̀Ọ́MỌ̀ BA FÉPÙ MI JẸ́

1. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìwé yìí sí yín. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ pátákó fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù àti àwọn ọ́fíìsì. Ẹ lè má mọ̀ mí sójú, ṣùgbọ́n abẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi lẹ gbà wọlé láàárọ̀ yìí, nítorí èmi ni mo kọ "E FARABALE" tó wà lókè ẹnu ọ̀nà yín.

2. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni mo ti ń mu sìgá. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọmọ náà dé ṣáájú àkókò rẹ̀, àyà rẹ̀ kò tíì lágbára, dókítà ilé ìwòsàn sì ti kìlọ̀ pé èéfín sìgá kò gbọdọ̀ dé sàkání rẹ̀. Ọmọ mi wá sọ fún mi pé bí mo bá lè lo oṣù kan gbáko láìfi sìgá kan ẹnu, òun yóò gbé ọmọ náà wá kí n rí i. Ó ra fépù fún mi, ìyẹn sìgá oníbátìrì tí wọ́n ń rọ omi sí nínú, tí a ń fa ooru rẹ̀. Ó ní ìta ni kí n ti máa fà á, kí n sì máa dín in kù títí n ó fi jáwọ́ nínú òun náà. Ọ̀rọ̀ tó fi gbé e lé mi lọ́wọ́ nìyí: "Bàbá, àkàbà lèyí o. Ẹ má lọ kọ́lé sórí ẹ̀." Mo mọ ohun tí àkàbà jẹ́. Orí rẹ̀ ni mo ti ń jẹun.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni oṣù náà yóò pé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á lọ, nítorí bí fépù yẹn bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, sìgá ló kù.

3. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ni mo fà á láàárọ̀ ọjọ́ kan tí nǹkan kan kò jáde. Iná ara rẹ̀ kàn ń ṣẹ́jú sí mi ni. Mo gbé e lọ bá Dókítà Bátìrì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì títì sí tèmi. Ó gbà á, ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó tẹ bọ́tìnnì ara rẹ̀ léraléra, fépù sì jí. Ó ní kò sí ohun tó ṣe é, pé ó ti ara rẹ̀ pa ni, pé àwọn búrọ́ọ̀ṣì tí mo kó sínú àpò kan náà ló ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ tó fi tì. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ní láti yí ẹ̀yìn sí mi. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Mo kó owó síta, ó kọ̀ ọ́. Ẹ̀yin Ọ̀gá, níbo lẹ ti rí atúnfóònùṣe tí kì í gbowó? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ.

4. Lẹ́yìn èyí ni fépù tún kọ̀, kò gbaná mọ́. Mo so ó mọ́ ṣájà di ọjọ́ kejì, òkú ni mo bá. Dókítà Bátìrì mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, ó tì í bọ inú sípíríìtì, ó fi ha ojú ibi tí ṣájà ń wọ̀. Ó ha nǹkan búlúù kan jáde, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní ọ̀dà ni, pé ọ̀dà tèmi sì ni. Òótọ́ ni pé ọ̀dà búlúù ni mo fi ń kọ pátákó ilé ìwé lọ́sẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ṣé èmi nìkan ni mo ní ọ̀dà búlúù láyé ni? Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù òun alára, búlúù ni. Èmi ni mo kùn ún, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀.

Ó wá fi mí jókòó, ó ka àwọn àìsàn tó máa ń ṣe fépù fún mi. Ó ní bí mo bá fà á tó ń rùn bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù mú, ó ń jó nìyẹn: òùngbẹ ló ń gbẹ òwú inú rẹ̀, kí n rọ omi sí i, kí n gbé e kalẹ̀ títí òwú yóò fi mumi yó. Ó ní bí mo bá rí omi lára rẹ̀ tàbí lẹ́nu rẹ̀, ó ń jò nìyẹn: omi ti pọ̀ jù tàbí rọ́bà rẹ̀ kò jókòó dáadáa, kí n dín omi kù, kí n nù ún gbẹ, kí n tún rọ́bà tò. Ó ní bó bá ń dún pọ̀kọ̀pọ̀kọ̀, kí n fẹ́ ẹnu rẹ̀ sínú àkísà. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èrò tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹni tó mọ bí a ṣe ń wo àìsàn tó báyìí, yóò mọ bí a ṣe ń dá a sílẹ̀ pẹ̀lú.

5. Ẹ lè béèrè pé kí ni yóò jẹ́ èrè rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń ta sìgá lórí tábìlì níwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Oníbàárà rẹ̀ ni mí tipẹ́tipẹ́, ó ti máa ń na tèmi sí mi kí n tó lanu. Láti ọjọ́ tí fépù ti dé, n kò ra nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, kíkí la ń kí ara wa. Ọmọ wo ló ń bá ènìyàn tún ohun tó ń ba ọjà ìyá rẹ̀ jẹ́ ṣe, tí yóò tún ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

6. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fépù bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń fi omi ṣan ẹnu. Mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Dókítà Bátìrì, mo bá iṣẹ́ lọ. Kò pẹ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé sórí fóònù mi. Mo kọ ọ́ síhìn-ín bó ṣe wà gan-an, n kò fi kún un, n kò sì yọ kúrò:

"Baba e kaasan. Mo ti ri nnkan to n se fepu yin. O n jo. Mo ti se e. To ba tun jo, e se e bi mo se so."

Mo lọ gbà á. Ìyá rẹ̀ ló nà án sí mi, òun kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí náà wà lára ohun tí mo fura sí.

7. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, mo wà lórí àkàbà níwájú ilé oníṣègùn eyín, mo ń fi ọ̀dà pupa tún pátákó rẹ̀ kọ. Mo fa fépù, adùn rẹ̀ kò rí bó ṣe yẹ kó rí. Mo rántí àtẹ̀jíṣẹ́. Mo ní ó tún ti ń jó nìyẹn. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo rọ omi sí i títí ó fi kún dé ẹnu, mo gbé e kalẹ̀ kó sinmi gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ, mo tún gun òkè lọ. Nígbà tí mo wá fà á, mo fà á tagbáratagbára.

Ohun tó wọ ẹnu mi kì í ṣe ooru. Omi ni, ó gbóná, ó korò, ó sì ń ta. Mo tu ú dà sójú pátákó, ọwọ́ mi yẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì sì fa ìlà pupa láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dé òpin. Oníṣègùn eyín sáré jáde. Ó wo pátákó, ó wo ẹnu mi tí mo fi ọwọ́ ọ̀dà pupa nù, ó ṣe bí ẹ̀jẹ̀ ni, ó ní kí n máa bọ̀ wá jókòó sórí àga òun kíákíá. Ìtìjú ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò lára mi.

8. Mo lọ tààrà sí ṣọ́ọ̀bù Dókítà Bátìrì. Ìyá rẹ̀ nìkan ni mo bá. Ẹ̀yin Ọ̀gá, n kò ní purọ́ fún yín: inú ń bí mi, kò sì sí ohun tó wù mí láyé nígbà náà ju sìgá lọ. Ọjọ́ Àìkú kúrò lọ́kàn mi pátápátá. Mo ní kí ìyá náà fún mi ní ẹyọ kan. Ó wò mí, ó fa aṣọ bo tábìlì. Ó ní: "Mi ò ní tà á fún yín. Ọmọ mi ní tí n bá fi lè tà á fún yín, òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Lójú mi níbẹ̀ ni ọkùnrin kan dé, ìyá náà ká aṣọ, ó ta tirẹ̀ fún un. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n máa lọ sílé, kí n lọ fi omi tútù bọ́jú. Àgbà bíi tèmi. Mo fẹ́ kí àjọ yín sọ fún mi bóyá ọlọ́jà lẹ́tọ̀ọ́ láti máa ṣa oníbàárà bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe délé ni mo bẹ̀rẹ̀ ìwé ẹ̀sùn yìí, ọ̀rọ̀ sìgá tí wọn kò tà fún mi ni mo sì kọ́kọ́ fẹ́ fi síwájú.

9. Ṣùgbọ́n ta ló gbé ọ̀rọ̀ ilé mi dé etí wọn? Mo wádìí rẹ̀. Mo pe ọmọ mi lórí fóònù. Ó jẹ́wọ́ pé ọwọ́ Dókítà Bátìrì gan-an lòun ti ra fépù náà, pé òun sọ ọ̀rọ̀ ọmọ fún un, òun sì bẹ̀ ẹ́ pé bó bá ti bàjẹ́, kó má jẹ́ kó sùn mọ́jú, kó má sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, òun yóò máa wá san owó rẹ̀. Ẹ rí i pé wọ́n pa ìmọ̀ pọ̀. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ó lè ṣe ẹlẹ́rìí mi, mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà sí i létí. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní: "Bàbá, ṣé jó ni àbí jò?" Mo ní kò sí àmì lórí rẹ̀. Ó wá rán mi létí pé nígbà tí Dókítà Bátìrì gbé iṣẹ́ pátákó rẹ̀ fún mi, ó bẹ̀ mí kí n fi àmì sí i, mo sì dá a lóhùn pé àmì orí ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ sí ìgbẹ́ eṣinṣin lójú pátákó, pé ẹni tó ń kọjá lọ kò ní àkókò rẹ̀. Ó tún ní ṣé n kò rántí pé ẹnì kan ti ka pátákó mi tí kò lámì rí, tó wọ ilé oníṣègùn eyín, tó ní kí wọ́n ta ẹyin fún òun. Mo pa fóònù, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára lọ́jọ́ náà. Bí ọmọkùnrin yìí kò bá sì ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò mọ ibi tó ti kọ́ ọ.

10. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń jò ni. Mo ní ó ṣeé ṣe ni. Èyí kò ní kí n má fura, nítorí ìfura loògùn àgbà. Fépù náà ti padà sọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó ní rọ́bà rẹ̀ ló ti fẹ̀, kò sì tíì rí irú rẹ̀ tí yóò fi pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí ohun kan lọ́wọ́ mi báyìí. Ọ̀nà tí mo ń gbà lọ sílé sì gba iwájú tábìlì ìyá rẹ̀ kọjá.

11. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ méjì ni mo mú wá. Àkọ́kọ́, kí ẹ kìlọ̀ fún Dókítà Bátìrì pé bó bá ń kọ̀wé sí oníbàárà, kó fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Èmi náà yóò tún pátákó tirẹ̀ kọ pẹ̀lú àmì, n kò sì ní gbowó, kó lè mọ bó ṣe máa ń rí lára.

Ẹ̀bẹ̀ kejì tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ ni pé kí ẹ pàṣẹ fún ìyá rẹ̀ kó máa tà fún mi bó ṣe ń tà fún àwọn yòókù. Mo ti fa ìlà pa á. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nísinsìnyí ni pé kí ẹ ránṣẹ́ sí obìnrin náà kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, kí ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé àṣẹ ọ́fíìsì yín ni: bí mo bá tún dé ibẹ̀ ṣáájú ọjọ́ Àìkú, bí mo pariwo, bí mo tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀, kó má tà á fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún un pé èmi ni mo ní kí ẹ wí bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín tí ń retí àṣẹ yín,

Onípátákó,
bàbá àgbà ọmọ tuntun kan tí n kò tíì gbé mọ́ra.