Ìjókòó Ẹ̀yìn Tó Ní Ẹni Tó Ni Ín

                                        Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ilé Ìfọṣọ,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Ìwé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Afẹ́fẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé ọkàn balẹ̀? Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń lo awò tuntun yẹn, àbí inú dúrọ́ọ̀ ni wọ́n ṣì tọ́jú rẹ̀ sí kó má baà gbó? Oníbúrẹ́dì rẹ, ọkọ rẹ, ńkọ́, ṣé ó ṣì ń jí kílẹ̀ tó mọ́ lọ bá ìyẹ̀fun jà? Bá mi kí i kú iṣẹ́. Ìwọ náà kú ìjókòó ìdí káńtà ilé ìfìwéránṣẹ́, kú àmúmọ́ra gbogbo àwọn tó ń fi ìbínú ra sítáǹpù. Àwa níbí wà láàyè. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń dún, àwọn oníbàárà ń parọ́ fún mi pé ọ̀la làwọn fẹ́ wọ aṣọ, èmi náà sì ń parọ́ fún wọn pé ó ti kù díẹ̀.

Má bínú pé mi ò fi fóònù pè ọ́. Mo mọ̀ ọ́ dáadáa. Bí mo bá pè ọ́, wàá ti sọ pé rárá kí n tó dé ìdajì ọ̀rọ̀. Lẹ́tà ní tiẹ̀ kò ṣeé já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ lẹ́nu. Ìwọ tó ń ta sítáǹpù fún gbogbo ayé tí ẹnikẹ́ni kì í kọ̀wé sí, jókòó, na ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ sórí àpótí tó wà lábẹ́ káńtà yẹn, kí o ka èyí tán kí o tó bínú. Ohun kan wà tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ, màá sì gbà á.

Mo ti ra alùpùpù. Kì í ṣe irú èyí tí mo fi ń gbé aṣọ lọ fún oníbàárà, tó máa ń wúkọ́ kó tó ṣí. Ńlá ni. Irú èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà jíjìn, tó sì tún lè sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Gíláàsì wà níwájú rẹ̀ tó ń dá atẹ́gùn dúró, àpótí ẹrù wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń rọra kùn bí ẹni tó ń kọrin sínú. Àlòkù ni, mi ò ní tàn ọ́, ṣùgbọ́n àlòkù tí wọ́n tọ́jú ni.

Ṣé o rántí èyí tó dúró níwájú ilé epo nígbà tí a jọ ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, kí ìwọ àti abẹ́rẹ́ tó kọ ara yín sílẹ̀? O yí i po títí ọkùnrin tó ni ín fi bi ọ́ bóyá o fẹ́ rà á ni. O ní kó ṣì ní sùúrù fún ọ. Ọjọ́ náà la ṣe ìlérí pé a ó gun irú rẹ̀ dé ibi tí ọ̀nà parí sí létí òkun. Ìwọ ló yẹ kó wà níwájú, torí ìwọ lo kọ́ mi ní alùpùpù gígùn, tí o sì máa ń sọ pé mò ń gùn ún bí ẹni tó ru ẹyin.

Nígbà tí mo wá kí ọ kẹ́yìn, mo dárúkọ òkun, o sì wo ẹsẹ̀ rẹ. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù yẹn ti gbá ọ, tí orúnkún náà ò sì ká tán mọ́, o ò tíì kọjá òpin òpópónà yín. O sọ fún mi pé, “Ọ̀nà ti parí fún mi, Abẹ́rẹ́. Ìdí káńtà yìí ti tó mi.” Mo ti ní èsì rẹ̀ báyìí, inú àgbàlá mi ló dúró sí.

Dókítà eyín kan tó ti fẹ̀yìn tì ló tà á fún mi. Wọ́n fi aṣọ ìbora bò ó nínú gáréèjì wọn bí ọmọ tó ń sùn. Wọ́n ń ṣàlàyé ẹ́ńjìnnì fún mi, bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, bí òjò kò ṣe pa á rí, èmi ń mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọ yé. Ṣùgbọ́n ojú aránṣọ ni ojú mi, ibi tí wọ́n rán ni mo kọ́kọ́ wò. Ìjókòó iwájú ti tẹ́ pẹrẹsẹ, lẹ́dà rẹ̀ ti sán, òwú sì ti ń já létí rẹ̀. Ti ẹ̀yìn ńkọ́? Gbogbo òwú rẹ̀ dúró ṣinṣin, àfi bí ẹni pé àná ni wọ́n gbé e kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ ni. Wọ́n ní rárá o, kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ rí ni. Wọ́n ní ìyàwó àwọn ni àwọn ní lọ́kàn nígbà tí àwọn rà á, ẹ̀rù sì ń bà á.

Wọ́n wá sọ pé, “Ọdọọdún ni mo ń sọ pé tó bá di ọdún tó ń bọ̀, màá jókòó bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ̀yìn ti wá ń dùn mí báyìí, mi ò lè gùn ún mọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, Afẹ́fẹ́. Mo dúró síbẹ̀, mo fọwọ́ lé ìjókòó tí ẹnikẹ́ni kò lò, ìwọ ni mo sì ń rò. Mo sọ fún ara mi pé èmi ò ní dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbọ́, wọ́n sì dé ṣọ́ọ̀bù láì bọ́ bàtà. Wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ mi ń ra fíríìjì, èmi ń lọ fowó ra ikú. Wọ́n ní ta ló ń fi awò ti òwú bọ abẹ́rẹ́ tó tún ń gun irú nǹkan báyìí? Nígbà tí gbogbo ìyẹn ò mì mí, wọ́n ní kí n rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ. Mo ní mo rántí, torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe rà á. Wọ́n wò mí bí ẹni tó yẹ kí wọ́n pe dókítà fún. Ṣùgbọ́n nígbà tó di Sátidé, àwọn náà ni wọ́n dé akoto mi sórí, tí wọ́n ní kí n ya àwọn ní fọ́tò lórí alùpùpù, pé àwọn ọmọ ló ń bèèrè. Ẹ̀yìn ni wọ́n fẹ́ jókòó sí. Mo ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, iwájú ni kí wọ́n bọ́ sí. Wọ́n ní kí ló dé? Mo ní ẹ̀yìn ní ẹni tó ni ín.

Wá gbọ́ ti mẹ́káníìkì mi. Jẹ́jẹ́ la ń pè é, torí kò sí ohun tó ń kán an lójú láyé yìí. Mo kọ́kọ́ ní kó pààrọ̀ táyà méjèèjì àti búrékì, ìyẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ẹ̀mí ni. Bó ṣe parí rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan dán mi wò. Ó ní síléńsà kan wà tí gbogbo àdúgbò á fi mọ̀ pé mò ń bọ̀. Mo ní wọn ò jẹ mí ní gbèsè, kí ni mo fẹ́ fi ariwo ṣe? Ó ní gíláàsì kan tún wà tó ga ju èyí lọ, àti ìdimú tó máa ń gbóná fún ìgbà òtútù. Kí n má parọ́ fún ọ, ojú mi wọ gíláàsì yẹn. Mo lọ wò ó, mo kúrò, mo tún padà lọ wò ó. Ṣùgbọ́n apá mi ò lè ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ni mo ní láti mú. Mo ní kó jẹ́ ká ṣe ti ẹ̀yìn. Jẹ́jẹ́ ní kò sí ohun tó ṣe ti ẹ̀yìn. Mo ní òun ni kò mọ ẹni tó ń bọ̀ wá jókòó síbẹ̀.

Mo ṣàlàyé orúnkún rẹ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo irin ìtẹ̀sẹ̀ tó wà lẹ́yìn, ó ní òótọ́ ni, ó ga jù, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé pàápàá á ká jọ síbẹ̀ ni. Ó ní àwọn lè gé ti ọ̀tún, kí wẹ́dà jó irin mìíràn mọ́ ọn tó máa wá sílẹ̀, kó sì bọ́ síwájú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ síléńsà kó má lọ jó ọ. Ó wá bi mí bí ẹsẹ̀ ẹni náà ṣe gùn tó. Inú mi dùn, mo ní ó kúkú bá mi níbi tí mo mọ̀. Ta ló ń rán ṣòkòtò rẹ láti ìgbà ọmọge wa? Mo lè dijú gé aṣọ rẹ kí ó bá ọ mu. Mo sọ gígùn ṣòkòtò rẹ fún un láìgbé tépù, wẹ́dà sì jó irin náà mọ́ ọn díẹ̀ ká fi dán an wò.

Èmi àti ìwọ dọ́gba ní gíga, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n jókòó síbẹ̀ fún ọ. Mo mú rúlà igi tí mo fi ń gé aṣọ, mo fi àjákù aṣọ dì í mọ́ ẹ̀yìn orúnkún mi kó má baà ká tán, mo dé akoto, Jẹ́jẹ́ sì di alùpùpù mú. Ẹsẹ̀ mi wá irin títí, kò rí i. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni irin wà, torí ẹsẹ̀ tó dúró gbọọrọ ni mo máa ń wọ̀n fún ṣòkòtò, èèyàn kì í sì í dúró gbọọrọ lórí alùpùpù! Mo tẹ̀ sí ọ̀tún kí n lè bá a, alùpùpù náà tẹ̀, mo sì ré lu Jẹ́jẹ́. Akoto mi gbá a nímú. Gbogbo àwọn tó wà ní gáréèjì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo fẹ́ dìde ni ẹ̀rín tán. Rúlà yẹn ò jẹ́ kí orúnkún mi ṣe ohun tó yẹ kó ṣe, mi ò sì mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Mo wá mọ ìdí tí o fi ń sọ pé bọ́ọ̀sì ò bá ọ lára mu, tí o kì í fi í bá wa jókòó sí àárín èrò. Ó dùn mí wọnú egungun, ọ̀rẹ́ mi. Mo sunkún, mo sì sọ fún Jẹ́jẹ́ pé èéfín ìjórin ló wọ̀ mí lójú. Ó ní wọ́n ti pa iná tipẹ́. Ó fà mí dìde.

Ìjókòó náà ti ṣe tán. Lẹ́yìn ìdánwò yẹn ni mo tú u palẹ̀ bó ṣe dára tó yẹn, torí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún ìdí rẹ, má bínú. Mo kó fóòmù tuntun sí i, mo gé lẹ́dà dúdú, mo sì fi òwú pupa rán an lórí ẹ̀rọ ńlá tí mo fi ń rán báàgì. Ó ní ibi tí wàá fẹ̀yìn tì, kí o má baà rò pé o fẹ́ já bọ́. Irin ìtẹ̀sẹ̀ nìkan ló kù. Jẹ́jẹ́ ní àwọn ò ní fi ìfojúdíwọ̀n aránṣọ jó o mọ́, kí n lọ mú ìwọ̀n tòótọ́ wá.

Ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ nìyẹn. Wo inú àpò lẹ́tà yìí, wàá rí òwú pupa tó nípọn. Mi ò fi tépù ránṣẹ́, torí wàá bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́mbà, wàá sì ronú jù. Jókòó sórí àga, ká orúnkún náà dé ibi tó bá dúró. Má ká a dé ibi tí dókítà fẹ́, má sì ká a dé ibi tí ojú ń tì ọ́ pé kò dé. Jẹ́ kí oníbúrẹ́dì rẹ fa òwú náà láti eegun ìbàdí rẹ dé gìgísẹ̀, kó fà á tààrà láfẹ́fẹ́, kó má gbà á lórí orúnkún. Ibi tó bá parí sí, ta kókó síbẹ̀, kí o fi í ránṣẹ́ sí mi. Ìwọ lo kúkú ni sítáǹpù.

Bá mi kúnlẹ̀ kí Màmá. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù á bà wọ́n, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Kí n tó gbé ọ lọ síbikíbi, màá wá jókòó níwájú wọn, wọn ó sì bi mí ní gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́. Sọ fún wọn pé mo ṣì ń gùn ún bí ẹni tó ru ẹyin, ìyẹn á tù wọ́n nínú. Kí ọkọ rẹ fún mi, sọ fún un pé búrẹ́dì la ó gbé sínú àpótí ọ̀tún, kó má ṣe jẹ́ kó gan. Mo mọ̀ pé iwájú ló tọ́ sí ọ, ṣùgbọ́n o lè máa pàṣẹ láti ẹ̀yìn, kò tíì sú ọ rí.

Bí òwú náà bá padà dé láì ní kókó, mi ò ní kà á sí èsì. Màá gun alùpùpù yìí wá síbi iṣẹ́ rẹ, màá tò sórí ìlà bí gbogbo èèyàn, tó bá sì kàn mí, màá bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ káńtà, màá sì wọn ẹsẹ̀ rẹ lójú àwọn oní-sítáǹpù. O máa ń fi orúkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Láti ìgbà tí mo ti tún ìjókòó yẹn rán, ẹnikẹ́ni ò tíì jókòó síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò jókòó síbẹ̀, èmi tí mo rán an ò jókòó síbẹ̀. Aṣọ ni mo fi bò ó báyìí, kí eruku má ṣe ṣáájú rẹ débẹ̀.

Èmi ni tìrẹ, títí dé etí òkun,
Abẹ́rẹ́.