Kì Í Ṣe Ilẹ̀ Afọ̀n Ló Ń Bá Wa Jà

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ni tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa ní Ayétòrò. Bàbá àgbẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, ṣùgbọ́n ó ní ìròyìn kan wà lọ́wọ́ òun tí bàbá òun tó ti kú gbọ́dọ̀ gbọ́. Mo ní kó sọ ọ́ nínú àdúrà. Ó ní rárá, àfi kó wà nínú ìwé, kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun kò sọ ọ́. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́.

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ jókòó dáadáa níbi tí ẹ wà. Ìròyìn tí mo mú wá dùn débi pé èmi fúnra mi kò lè jókòó sọ ọ́. Orí ìdúró ni mo wà tí Tíṣà fi ń kọ̀wé, ó sì ti ní kí n yéé rìn kiri.

Kì í ṣe ilẹ̀ Afọ̀n ló ń bá wa jà. Mo tún un sọ, Bàbá: kì í ṣe ilẹ̀. Kì í ṣe igi apá tí ẹ gé. Ẹ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń palẹ̀ mọ́ kí ẹ tó sùn ní abà wa ní Afọ̀n. Ẹ ó kó àdá àti ọkọ́ jáde, ẹ ó fi wọ́n há orí igi lóde, ẹ ó sì to àpò èbù iṣu yí ẹní yín ká kí ẹ má baà fi orí gbá ògiri. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ó wo ọgbẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ ó jẹ orógbó, ẹ kò ní sọ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ sọ fún mi pé ẹ máa ń gbọ́ igbe ara yín lójú oorun, pé ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń ta ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n pé ẹ kò lè dá a dúró. Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ mọ́? Ṣé ẹ̀rù ni, àbí ìtìjú?

Mo rántí àwọn tó ń dáko nítòsí wa. Bí ẹ bá ti yọ lójú ọ̀nà, wọ́n á ní: "Bàbá, ẹ kú ìjà o! Ta ló borí lánàá?" Ẹ̀yin náà á dáhùn pé: "Èmi ni mo borí, òun ni mo fi lè dé ọ̀dọ̀ yín." Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín, nítorí nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀ lára èmi náà.

Ìgbà tó mú mi ni wọ́n wá dá yín lẹ́jọ́, pé igi apá tí ẹ gé láti kọ́ abà ni kò jẹ́ ká sùn. Ẹ gbà wọ́n gbọ́. Ẹ fi ilẹ̀ tí iṣu ti ń ta bí itan ènìyàn sílẹ̀ fún koríko, ẹ kó wa wá sí Ayétòrò. Nǹkan náà bá wa dé Ayétòrò, wọ́n ní ilẹ̀ ló tẹ̀ lé wa. Títí ẹ fi kú, ẹ̀ ń fọwọ́ pa mí lórí láràárọ̀, ẹ̀ ń ní kí n má bínú. Kí n má bínú sí kí ni, Bàbá? Ìsinsìnyí ló yé mi pé ẹ rò pé àáké yín ló dá mi lóró.

Ẹ gbọ́ bó ṣe di mímọ̀. Bọ́sẹ̀, àbígbẹ̀yìn mi, tí a bí lẹ́yìn tí ẹ kú, ń kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlaròó. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń gbé yàrá rí i tó ń ta ẹsẹ̀, tó ń kígbe lójú oorun, tó dìde jókòó tó sì tún ṣubú. Nígbà tí mo gbọ́, mo ní kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ilé náà kíá. Ó ní: "Bàbá, ilé wo ni mo fẹ́ kó lọ tí oorun ò ní bá mi débẹ̀?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi fóònù ká bó ṣe ń ṣe sílẹ̀, wọ́n fi han dókítà. Dókítà obìnrin náà wò ó títí, ó ní: "Ta ló tún ń ṣe báyìí nílé yín?" Bọ́sẹ̀ ní: "Bàbá mi. Bàbá wọn náà sì ṣe é." Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ pè mí nìyẹn.

Mo kọ́kọ́ kọ̀. Ẹ mọ orí kunkun mi, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti mú un. Mo ní n kò ní yọ ẹ̀jẹ̀ mi fún ẹni tí n kò mọ̀ rí. Bọ́sẹ̀ ní kò burú, kí n jókòó sílé, ṣùgbọ́n kí n má pe òun lọ́mọ mọ́. Mo wọ bàtà mi.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wa, wọ́n fi ránṣẹ́ sí òkè òkun. Nígbà tí èsì dé, ohun kan náà ni wọ́n rí nínú tèmi àti tirẹ̀. Dókítà ní wárápá ni. Mo fò dìde. Mo ní kì í ṣe wárápá, ẹnu wa kì í hó, a kì í ṣubú lọ́sàn-án. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé irú wárápá kan wà tó jẹ́ inú oorun ló ń gbé. Ó ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà nínú ọpọlọ tí ń ṣí tí ń tì, pé inú ẹ̀jẹ̀ la ti ń jogún ìtọ́ni bí ara ṣe ń kàn wọ́n, àti pé ibì kan ṣoṣo ló yí padà nínú ìtọ́ni tiwa. Bí a bá ti sùn, ilẹ̀kùn wọ̀nyí kì í ṣe bó ṣe yẹ mọ́, gbogbo nǹkan á fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọkọ̀ ní Ìdí-Ìrókò lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀. Bàbá tàbí ìyá ló ń fi fún ọmọ. Ó lè mú ọmọ kan, kó fi èkejì sílẹ̀.

Kò yé mi tán àfi ìgbà tí mo ronú kan èbù. Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi! Bí ewé iṣu kan bá ká jọ, tó ní àbààwọ́n, ẹ kì í gé iṣu rẹ̀ ṣe èbù, nítorí ibi yòówù kí a gbìn ín sí, bẹ́ẹ̀ náà ni ewé tuntun á ṣe rí. Ẹ kì í bá ebè wí rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan tiwa, ebè la bá wí. Inú èbù ló wà, Bàbá! Ibi tí ó ti wá bá ẹ̀yin gan-an, ta ló mọ̀ ọ́n? Ṣé bàbá yín náà ń ta ẹsẹ̀?

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Sámúẹ́lì, àbúrò mi tí ẹ bí ní Ayétòrò. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ padà sí Afọ̀n, òun ló ń dí mi. Ilẹ̀ àjọni wa ni, bí kò bá fọwọ́ sí i, n kò lè fi ọkọ́ kàn án. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, èmi tí n kò sùn níbẹ̀ rí, ṣé mò ń jà lójú oorun?"

Mo ní: "Bọ́sẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó mọ ọ̀nà Afọ̀n? Hùnsù ńkọ́, Ègùn tó ń bá Bàbá ṣiṣẹ́, tó ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní wọn láti ìgbà ọ̀gbìn dé ìkórè? Ṣé ẹnikẹ́ni gbọ́ igbe rẹ̀ rí?"

Ó ní: "Hùnsù? Èyí tí wọ́n ní ó ń hanrun bí ọkọ̀ akẹ́rù?"

A jọ rẹ́rìn-ín títí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní: "Àṣé ẹ̀bi tí kì í ṣe tiwọn ni Bàbá gbé kú."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Tíṣà. N kò fẹ́ kí ẹ tún fi ọjọ́ kan gbé e sí i.

Bọ́sẹ̀ ṣì wà ní yàrá rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Oògùn oníhóró ni wọ́n fún àwa méjèèjì pé kí a máa lò kí a tó sùn. Kò tíì lé e lọ pátápátá, ṣùgbọ́n mo ti sùn di ojúmọ́, Bàbá! Mo jí, ẹní mi ṣì wà níbi tí mo tẹ́ ẹ sí. Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lára? Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ìyẹn nìkan ló ń dùn mí nínú gbogbo ayọ̀ yìí.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àti Sámúẹ́lì ń lọ ṣán igbó Afọ̀n, a ó sì sùn síbẹ̀. Ó jókòó tì mí níbí. Ó ní kí Tíṣà kọ ọ́ pé òun gbà, ṣùgbọ́n pé ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà lòun máa tẹ́ ẹní òun sí. Mo bi í pé ṣé ó ṣì ń bẹ̀rù ilẹ̀ ni. Ó ní: "Ilẹ̀ wo? Ẹsẹ̀ yín ni mò ń sá fún, Ẹ̀gbọ́n."

Ẹ sùn dáadáa, Bàbá mi. Kò sí ẹni tó ń bá yín jà.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó jọ yín lójú oorun bó ṣe jọ yín lójú.

Àmì ọwọ́ rẹ̀ nìyí: X

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Sámúẹ́lì, àbúrò rẹ̀
Tíṣà, ẹni tó kọ ìwé