Ojú Ewé Tí Mo Ya Nínú Ìwé Awo Rẹ

                                        Ṣọ́ọ̀bù Ìwé Àlòkù,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ilé Atúnaagoṣe,
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Adúmáadán,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó máa ń dùn ọ́ nígbà òtútù, ṣé ó ti gbọ́ oògùn? Ara tèmi le, àfi ojú. Gíláàsì ni mo fi ń kàwé báyìí, èmi tí mo máa ń fi gíláàsì ọ̀gá wa ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀gá ti fi ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́, ó ti lọ sinmi lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ṣa àwọn ìwé awo àti idán pípa tó wà lórí pẹpẹ òkè. Ṣé o rántí bó ṣe kọ́ wa láti yàn wọ́n? Ó ní ká má wo èèpo ẹ̀yìn, nítorí kò sí èyí tí wọn kì í ya agbárí tàbí òṣùpá sí. Etí ìwé ni ká wò. Èyí tí ìka ti sọ di dúdú níwájú nìkan, ó ti sú ẹni tó rà á. Èyí tó dúdú títí dé ẹ̀yìn, ẹnìkan ti lò ó délẹ̀. Àárò ìgbà yẹn sọ mí débi pé mo jókòó sórí àkàbà, mo ń dá rẹ́rìn-ín.

Orí àkàbà náà ni mo wà lánàá tí ìyàwó aránṣọ òdìkejì ọ̀nà wọlé. Oṣù tó kọjá ni ọkọ rẹ̀ kú. Ó fẹ́ kí n yan ìwé tí yóò jẹ́ kí òun tún gbọ́ ohùn ọkọ òun.

“Ẹ má yan èyí tó lágbára jù, màmá,” ló wí. “Èyí tó bá ṣáà ti ṣòótọ́.”

Ìwọ ni mo rí lójú rẹ̀, ọdún tí Ìyá rẹ kú, tí o gbé àga wọn wá sí yàrá àwa méjèèjì, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó lé e. O ra ìwé awo aláwọ̀ ewé yẹn, o ò jẹun mọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Tèmi ti lé lọ́gbọ̀n. Ojú ewé tí o wá títí tí o ò rí, èyí tó sọ bí a ṣe ń pe òkú, tí o tìtorí ẹ̀ bú ẹni tó tẹ ìwé, èmi ni mo ya á. Mi ò kà ju àkọlé rẹ̀ lọ. Ẹ̀rù bà mí pé wàá tẹ̀lé Ìyá lọ, ni mo bá fi í pamọ́ sínú ìwé iṣẹ́ káfíńtà kan tí kò tà.

Lánàá ni mo yọ ọ́, tí mo kà á. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kò sí àbẹ́là. Ó kàn ní: “Jókòó sórí àga rẹ̀. Pè é bí o ṣe máa ń pè é. Sọ bí ọjọ́ rẹ ṣe rí fún un, kí o sì dákẹ́ díẹ̀.” Ó parí.

Ojú tì mí. Mo rò pé mo ń gbà ọ́ lọ́wọ́ ibi ni, àṣé ìtùnú ni mo fi dù ọ́. Jọ̀ọ́, foríjì mí.

Mo dà á kọ fún ìyàwó aránṣọ, ó mú un lọ láìra ìwé kankan. Ojúlówó rẹ̀ ló wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ọmọ. Mo mọ̀ pé àga yẹn ṣì wà nílé yín. Tí o bá jókòó lé e, bá mi kí Ìyá náà.

Èmi ṣì ni tìrẹ,
Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.