Sinimá Ẹlẹ́rù Tí Gráinne Lè Dá Wò

Gráinne ọmọ mi,

Cathal ọkọ rẹ ti ń fọn fèrè ọkọ̀ níta, ó ní dókítà ojú kò ní dúró dè mí. Búrẹ́dì eléso wà lábẹ́ aṣọ ìnuwọ́. Gé e fún àwọn ọmọ tó bá múra bí iwin wá kanlẹ̀kùn, Halowíìn ṣáà ni lónìí.

Mo kó sinimá méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Wo ti kànga, ẹ̀rín inú rẹ̀ ju ẹ̀rù lọ. Má dá ti ilé etí òkun wò o. Dúró dè mí.

O ṣeun. Látìgbà tí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ìwọ tó ń sá fún eku lò ń bá mi wo iwin, tí ò ń ròyìn rẹ̀ sí mi létí. "Màmá, ó ti ń bọ̀ o! Yéè, mi ò lè wò ó mọ́!" Síbẹ̀, o wò ó. Cathal tí mo bí kò jẹ́ ṣe é.

Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé irọ́ lo máa ń pa fún mi níparí. Kò sí sinimá ẹlẹ́rù tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ti ń padà wálé wá mu tíì. Bí ojú mi bá tiẹ̀ là lónìí, jọ̀ọ́, máa pa á fún mi lọ.

Philomena, ìyá ọkọ rẹ