Omi Abẹ́ Sàréè Bàbá

Bùọ̀dá Rasaq,

Gbogbo ilé ní Ìjẹ̀gùn ń kí yín àti ìyàwó wa. Àlùhámúdùlílàhì, ẹsẹ̀ Màámi ti ń sàn.

Páìpù omi wa ló ń jò lábẹ́ ilẹ̀. Nusaibah àbúrò yín wá ṣe sáàkíìtì, ẹ̀rọ kékeré oníná kan, tó ń wọn bí ariwo omi náà ṣe ń tètè dé òpin kan páìpù náà ju òpin kejì lọ. Ibẹ̀ ló ti ń mọ ojú ibi tó ń jò. Àkọ́kọ́ tó ṣe kò yára tó láti ka ìyàtọ̀ yẹn dáadáa, a kàn fọ́ ilẹ̀ yàrá Simeon ayálégbé lásán ni. Ó tún un ṣe. Háà, abẹ́ sàréè Bàbá ló tọ́ka sí! A gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, omi tú jáde.

Ẹ̀yin ni àkọ́bí, ẹ jọ̀ọ́, kí la máa ṣe? Ọlọ́run á ṣọ́ yín o. Bàbá tó máa ń nà wá tí a bá fi omi ṣòfò, inú omi ló sùn sí.

Rashidat