Àǹtí Mi Ló Kọ́kọ́ Lọ

Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ọ̀gá Ọ̀bẹ — bẹ́ẹ̀ ni mo ń pe dókítà wa — fọwọ́ tẹ ọrùn mi, ó ní kí n gbé itọ́ mì, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó wá tẹ ti Àǹtí mi. Ìyá kan náà ló bí wa, a ò jọra lójú, gẹ̀gẹ̀ la fi jọra. Tèmi ló tóbi jù. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń gbé níbẹ̀ láìsan owó ilé, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní Ayálégbé. Dókítà ní ó ti ń ti ọ̀nà ọ̀fun mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n má fi falẹ̀ rárá. Ó fi mí sí ọjọ́ kejìlá, ó fi Àǹtí mi sí ọjọ́ kẹrìnlélógún.

Mo bi í léèrè ohùn mi. Ó ní iṣan ohùn wà lẹ́yìn ibi tí òun máa gé, ó tín-ín-rín bí òwú, òun á ṣọ́ra. Ṣọ́ra kẹ̀! Ọmọ mọ́kànlélógójì ni mò ń kọ́ ní kíláàsì, n kò sì gbé pàṣán rí. Ohùn yìí ni pàṣán mi.

Ìṣẹ́gun, 4

Mo padà lọ bá akọ̀wé tó ń kọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Mo ní kó fi ọjọ́ mi fún Àǹtí mi, kó fi tiẹ̀ fún mi. Ó ní kí ló dé. Mo ní, "Aránṣọ ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ kì í béèrè ohùn." Ó rẹ́rìn-ín, ó pààrọ̀ ẹ̀.

Abẹ́rẹ́ — Àǹtí mi nìyẹn, inú ìwé yìí nìkan ni mo ti tó bẹ́ẹ̀ — jókòó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń ṣẹ́tí síkẹ́ẹ̀tì kan. Mo sọ fún un pé wọ́n ní kí àgbà ṣíwájú. Ó wò mí títí. Ó ní kò burú.

Mo fẹ́ rí bí Ọ̀gá Ọ̀bẹ á ṣe ṣe tiẹ̀ kó tó kàn mí. Bí ohùn kan bá máa lọ, kó jẹ́ èyí tí kò ṣiṣẹ́ kankan. Ìwà ìkà ni, mo mọ̀. Mo sì sùn dáadáa.

Ọjọ́rú, 12

Akọ̀wé ọjọ́sí bá Abẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlé ní aago mẹ́jọ, wọ́n gbé e jáde ní aago kan kọjá. Báńdéèjì lọ́rùn. Rọ́bà kan ń fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó sọ orúkọ ara ẹ̀. Èémí nìkan ló jáde. Àyà mi já — nítorí tèmi, kì í ṣe nítorí tiẹ̀.

Ẹtì, 14

Inú ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà ló ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Omi. Ìrọ̀rí. Ó ń dùn mí. Lónìí ó kọ ọ́ gàdàgbà pé WỌ́N NÍ Ó LÈ MÁ PADÀ. Mo dì mọ́ ọn, mo sunkún. Ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, kò mọ̀ pé nítorí ara mi ni mò ń sunkún.

Àìkú, 16

Kò sí ohùn.

Ajé, 24

Ọjọ́ mi nìyí. Mi ò lọ. Mo ní kí wọ́n sọ fún Ọ̀gá Ọ̀bẹ pé òtútù mú mi. Abẹ́rẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé mo ṣe dáadáa, kí n má kánjú.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹrin

Mi ò lè gun àtẹ̀gùn ilé ìwé láìdúró mọ́. Bí mo bá dùbúlẹ̀, Ayálégbé a jókòó lé mi lọ́fun. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí n lọ sílé lọ sinmi, aago méjìlá ò tíì lù.

Mo dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Abẹ́rẹ́. Ẹnì kan ń kọrin nínú ilé, ẹ̀rọ ń lọ lábẹ́ orin náà. Orin tí ìyá wa fi ń rẹ̀ wá lẹ́kún ni. Ohùn náà já gaara. Mo ti ilẹ̀kùn. Abẹ́rẹ́ gbójú sókè, ó rí mi, ó kọ orin ẹ̀ parí. Ó wá ní, "Ó padà lánàá."

Oníbàárà kan ń wọ aṣọ wò níbẹ̀. Ó ní àná wo? Ṣebí ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta táwọn ti jọ ń tàkúrọ̀sọ.

Mi ò lè bínú dénú, torí mo mọ ohun tí mo ṣe. Ṣùgbọ́n òun ò mọ̀ ọ́n. Báwo ló ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ìkà lásán ni, ọmọ ìyá mi.

Ìṣẹ́gun, 15

Ọ̀gá Ọ̀bẹ bínú, kò fi bò. Ó ní nǹkan náà ti sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn egungun àyà mi láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Ọ̀la ni.

Mo yà sí kíláàsì kí n tó lọ. Mo ka ìtàn kan fún wọn, mo fi ohùn ìnàkí kà á, mo fi ohùn ayaba kà á. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n tún un kà. Mo ní tí mo bá dé.

Àbámẹ́ta, 19

Ọ̀gá Ọ̀bẹ gé iṣan ohùn náà. Ó ní Ayálégbé ti wé mọ́ ọn, kò sí bí òun ṣe lè yọ ọ̀kan kí òun má gé èkejì. Ohùn tó kù fún mi kò ju atẹ́gùn abẹ́ ilẹ̀kùn lọ.

Oògùn kékeré kan títí ayé. Oògùn funfun ràbàtà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ — nọ́ọ̀sì ní bí mo bá pa á jẹ, ìka mi á ká kò. Abẹ́rẹ́ ló gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó ń mi orí pé òun gbọ́, bí ọmọ dáadáa.

Ajé, 28

Ọ̀gá ilé ìwé ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́rú, láti mọ̀ bóyá kí òun fi kíláàsì mi dè mí. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé yìí mọ́. Mo lè kọ̀wé sójú pátákó. Mo lè pàtẹ́wọ́. Mo lè fi ojú bá wọn wí. Mo ti ro gbogbo ẹ̀.

Oògùn funfun tán láti àná. Abẹ́rẹ́ ní òun á rà á lọ́la. Etè mi ń ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn lórí ẹ̀. Ìka mi náà.

Ọjọ́rú, 30

Kò rà á lánàá. Ó ní òun gbàgbé.

Ọ̀gá ilé ìwé jókòó, ó ń yí fìlà ẹ̀ po lọ́wọ́. Mo sọ fún un pé kó dúró dè mí, màá padà. Kò gbọ́. Ó wo Abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ fi etí sí mi lẹ́nu, mo tún un sọ. Ó gbọ́. Mo rí i lójú ẹ̀ pé ó gbọ́.

Ó ní, "Ó ní kí ẹ fún ẹlòmíràn, sà. Òun ò lè ṣe é mọ́."

Mo mi orí pé rárá, mo mi orí. Abẹ́rẹ́ ní ọ̀rọ̀ náà ló ń dùn mí. Mo nawọ́ mú bírò. Ìka mi ká kò, ó le bí igi, àtàǹpàkò wọnú àtẹ́lẹwọ́, bírò já bọ́. Ọ̀gá ilé ìwé ṣà á nílẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì jẹ́ẹ́jẹ́, ó ní kí Ọlọ́run wò mí sàn. Omi lé sí i lójú. Ó lọ.

Abẹ́rẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ó kọwọ́ bọ àpò aṣọ ẹ̀, ó yọ oògùn funfun jáde, páálí tuntun tí wọn ò tíì ṣí. Ó fi sí mi lẹ́nu, ó gbé omi fún mi, ó ń fọwọ́ ra ìka mi títí wọ́n fi tú lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó fà mí dìde lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi mí jókòó sídìí ẹ̀rọ kejì.

"Màá kọ́ ẹ," ó ní. "Kò le. Ẹ̀rọ ìránṣọ kì í béèrè ohùn."