Verlin Stahlke, Ẹni tó Kọ́ Ẹ́ńjìnnì Ńlá fún Ọ̀nà Jíjìn

A bí Olóògbé Verlin Stahlke ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 1947, nínú oko àgbàdo kan lẹ́yìn ìlú Kokomo, ní ìpínlẹ̀ Indiana, ní Amẹ́ríkà. Emmert Stahlke ni bàbá wọn, Lavonne sì ni ìyá wọn. Àwọn nìkan ni òbí wọn bí.

Wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún 1965, wọ́n sì wọ iṣẹ́ títún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n fi ṣe é. Ní ọdún 1971, wọ́n gbé Orpha Deitz níyàwó. Maralee, ọmọ wọn kan ṣoṣo, dé ní ọdún 1974.

Orpha kú ní ọdún 1998. Oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Verlin ta dùùrù ìyàwó wọn láì bi Maralee. Ọ̀rọ̀ di ìjà. Maralee kó lọ sí Spokane, ní ìwọ̀ oòrùn jíjìn, kò sì gbé ìpè wọn mọ́.

Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọdún 2009, wọ́n ra ẹ́ńjìnnì ńlá onípísítìnì mẹ́jọ tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ akẹ́rù, kí wọ́n lè gbé e sínú Chevrolet wọn àtijọ́. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣa ohun èlò rẹ̀. Wọ́n yan písítìnì tí kì í fún atẹ́gùn pọ̀ jù, kí ọkọ̀ lè jẹ epo lásán tí wọ́n ń tà níbi gbogbo. Irin tí ń ṣí fáàfù, ìyẹn ẹnu ọ̀nà atẹ́gùn ẹ́ńjìnnì, wọ́n mú kékeré, kí ẹ́ńjìnnì lè máa mí wọ́ọ́rọ́wọ́ níbi iná ojú pópó. Radiétọ̀, tó ń fi omi mú ẹ́ńjìnnì tutù, ni wọ́n mú ńlá, nítorí òkè àti oòrùn.

Dorsey Quill, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, kò yé fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó ní, “Verlin, ṣé ẹ́ńjìnnì lò ń kọ́ ni, àbí ẹ̀rọ ìránṣọ? Fi irin ńlá sí i, kó máa bú ramúramù.”

Wọ́n dá a lóhùn pé, “Èyí tó ń bú kì í pẹ́ kú. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni mò ń lọ.”

Oṣù kẹfà ọdún 2012 ni wọ́n lọ. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, àwọn nìkan. Maralee ṣí ilẹ̀kùn, ó wò wọ́n títí, ó sì lọ gbé kọfí kaná. Bàbá Verlin ní, “Mi ò lè máa wo dùùrù yẹn kẹ́nì kankan má tẹ̀ ẹ́. Mo ṣì í ṣe.”

Maralee ní, “Ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà náà, Dádì.”

Wọ́n sùn níbẹ̀ ní alẹ́ méjì. Láti ọdún náà, wọ́n ń lọ ní ọdọọdún, títí ojú fi dùn wọ́n ní ọdún 2019, tí dókítà ní kí wọ́n má wakọ̀ mọ́. Maralee máa ń pè wọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi. Ọjọ́ mẹ́fà yòókù, ilé a dákẹ́.

Wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ Lúteru. Ìjókòó ẹ̀yìn ni tiwọn, àwọn ló sì ń tún ọkọ̀ ìjọ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Bàbá Verlin sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 2023. Maralee ti wà lójú ọ̀nà, ó ń bọ̀ wá wò wọ́n, ọjọ́ kejì ikú wọn ló wọlé. Ó bá ibùsùn ìgbà èwe rẹ̀ ní títẹ́, pẹ̀lú aṣọ mímọ́, àti ìwé kékeré kan lórí ìrọ̀rí: “Maralee, omi gbígbóná máa ń pẹ́ kó tó dé. Ní sùúrù fún un.” Déètì ọdún 2012 ló wà lórí rẹ̀, Maralee kò sì tíì wá sílé láti ìgbà náà.

Wọ́n fi Maralee sáyé lọ, àti Tobin ọmọ rẹ̀, ọmọ ọmọ wọn kan ṣoṣo.

Bàbá, Maralee ti wá sílé o. Kí ilẹ̀ rọ̀ fún yín. Ẹ sùn re.